Kí Ni Onílé Pàdánù? Ohun Tí Iṣẹ́ Ìdíyelé Kọ́ Mi Nílé Ẹjọ́

Bí ìjà bá dé láàárín onílé àti agbaṣẹ́ṣe tó kọ́lé fún un, tí lọ́yà sì ti dá sí i, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí lórí fóònù ni pé, "Ẹ bá wa wò ó, èló ni ilé yìí?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni adájọ́ máa bi mí. Ohun tí adájọ́ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí onílé pàdánù torí pé agbaṣẹ́ṣe kò ṣe iṣẹ́ bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn. Mo ti rí ìwé ìdíyelé tó nípọn, tó kún fún fọ́tò mèremère, tí ẹni tó kọ ọ́ ka gbogbo yàrá àti gbogbo ilẹ̀kùn, tí kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó dáhùn ìyẹn. Adájọ́ gbà á, ó dúpẹ́, kò sì lò ó.

Iṣẹ́ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀ ni mò ń ṣe jẹun. Mo ti jẹ́rìí fún onílé, mo ti jẹ́rìí fún agbaṣẹ́ṣe, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí tí tọ̀tún-tòsì jọ yàn mí. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọjà, owó tí ilé ń mú wọlé àti owó kíkọ́lé mọ iye ohun-ìní. Wọn ò kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí nígbà tí lọ́yà bá ń fi ìwé tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lé e kiri.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣírò ohun tí onílé pàdánù. Wọ́n lè wo owó tí yóò ná an láti tún iṣẹ́ náà ṣe, kó rí bí àdéhùn ṣe wí. Wọ́n sì lè wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí ilé náà ì bá tó ká ní wọ́n kọ́ ọ dáadáa, àti iye tó tó báyìí pẹ̀lú àléébù rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé ibì kan náà ni méjèèjì máa já sí. Rárá o. Ká sọ pé ilé kan ì bá tó 100 ká ní kò lábùkù, pé 88 ni olùrà máa san báyìí, àti pé 20 ni àtúnṣe rẹ̀ máa gbà. Bá a bá gba ọ̀nà kìíní, 20 ni onílé pàdánù. Bá a bá gba ìkejì, 12 ni. Ó sì lè jẹ́ pé àtúnṣe á gba 60, kí iye ilé má sì dín rárá. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń le.

Owó àtúnṣe, iṣẹ́ quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ilé kíkọ́, nìyẹn. Tèmi ni ìkejì. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè yan ọ̀kan láìmọ èkejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àwa adíyelé sí ẹjọ́ tó dà bíi pé ti bíríkìlà àti ẹnjiníà nìkan ni.

Ẹjọ́ kan wà tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í gbàgbé, Jacob & Youngs v. Kent, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York dá ní 1921. Àdéhùn sọ pé páìpù Reading ni kí wọ́n fi ṣe omi inú ilé náà, ilé tí kíkọ́ rẹ̀ lé ní $77,000. Nígbà tí wọ́n parí, onílé rí i pé apá kan nínú páìpù náà jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dára bíi ti Reading. Púpọ̀ nínú páìpù yìí ti wà nínú ògiri. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní láti wó ohun tó ti parí. Adájọ́ Cardozo ní ìyàtọ̀ tó bá iye ilé ni kí wọ́n fi wọn àdánù, ìyàtọ̀ náà kò sì tó nǹkan, bó bá tiẹ̀ wà.

Ti England tó jọ ọ́ ni Ruxley Electronics v. Forsyth, tí House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, dá ní 1995. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fún òun, kí jíjìn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 6. Èyí tí wọ́n gbẹ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 9 lọ níbi tó jìn jù. Níbi tí èèyàn á ti bẹ́ sómi, ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ni. Láti wú u kí wọ́n tún un gbẹ́ máa gbà £21,560. Ẹ̀rí tó wà níwájú adájọ́ sì fi hàn pé iye ohun-ìní náà kò dín nítorí ínṣì tó sọnù yìí. Bí wọ́n bá fún un ní £21,560, ta ló mọ̀ bóyá ó máa tún un gbẹ́? Bí wọn ò bá fún un ní nǹkan kan, a jẹ́ pé àdéhùn tó ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. £2,500 ni adájọ́ kọ́kọ́ fún un, fún ìgbádùn tó yẹ kó rí nínú adágún náà tí kò rí. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà, House of Lords sì dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe wá torí ìyẹn rò pé owó àtúnṣe kì í borí. Ní 1954, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Ọsirélíà dá ẹjọ́ Bellgrove v. Eldridge, níbi tí kọnkéré ìpìlẹ̀ ilé kò ti rí bí àdéhùn ṣe là á sílẹ̀, tí ilé sì ń mì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí agbaṣẹ́ṣe san owó tí wọ́n máa fi wó o tí wọ́n máa fi tún un kọ́. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó pọn dandan láti mú àdéhùn ṣẹ, kó sì bọ́gbọ́n mu. Gbólóhùn kejì yẹn, "kó bọ́gbọ́n mu", ni ẹnu ọ̀nà tí ìdíyelé ń gbà wọlé. Adájọ́ ò lè mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti ná 60 sórí àléébù kan bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un ohun tí àléébù náà mú kúrò lára ilé.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wà lára àwọn tó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n kọ́ fún un, àjà ìsàlẹ̀ sì fi ínṣì mẹ́rin kéré sí ohun tó wà nínú àwòrán. Kò sóhun tí wọ́n lè fi gbé àjà yẹn sókè àfi kí wọ́n wó tòkè. Mo lọ wo àwọn ilé tí wọ́n tà ládùúgbò náà, àwọn tí àjà wọn ga àti àwọn tí tiwọn kò ga, mi ò rí i pé àwọn olùrà fi ínṣì mẹ́rin dá iye. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un nílé rẹ̀ kí n tó kọ ìwé. Ó wò mí títí.

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo pè ọ́ ni, àbí òun?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, mà. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni mo máa bá sọ̀rọ̀."

Inú rẹ̀ kò dùn, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí tó fi fẹ́ kí àjà yẹn ga. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé bàbá rẹ̀ ló fẹ́ gbé síbẹ̀, ó sì ti kọ gíga wọn sínú lẹ́tà tó kọ sí agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́tà náà wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó kà á. Mo ní kó fún lọ́yà rẹ̀. Nínú ìwé tèmi, mo kọ ọ́ gbangba pé ọjà kò dín iye ilé náà kù, pé bí àdánù kan bá sì wà tó jẹ́ ti ìgbádùn onílé fúnra rẹ̀, adájọ́ ló ni ìyẹn, kì í ṣe adíyelé. Wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí láìdé iwájú adájọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé lẹ́tà kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló mú kí apá kejì rọ̀. Ká ní mo fipá wá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí mo pè é ní àdínkù iye, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti gbá wa mú, orí ìyẹn nìkan ni gbogbo ẹjọ́ ì bá sì dúró lé.

Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ pàápàá máa ń yí ìṣirò padà. Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni, owó àtúnṣe la máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ sọ̀féyọ̀ tó bá olùrà yẹ ilé wò ṣáájú kó tó rà á ni, tó sì gbójú fo àléébù, ọ̀nà mìíràn ni. Ẹjọ́ Watts v. Morrow ní England ní 1991 fi í hàn kedere. Tọkọtaya kan ra ilé ní £177,500. Pẹ̀lú àléébù tí ìwé sọ̀féyọ̀ kò sọ, iye rẹ̀ gan-an jẹ́ £162,500. Wọ́n ná nǹkan bíi £34,000 láti tún un ṣe. Dípò owó àtúnṣe yẹn, £15,000 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún wọn, ìyẹn ìyàtọ̀ iye, nítorí sọ̀féyọ̀ kò ṣèlérí pé òun máa kọ́lé fún wọn. Ìmọ̀ràn ló tà fún wọn. Ká ní ìmọ̀ràn náà pé, wọn ì bá má sanwó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí lọ́yà bá pè mí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè báyìí ni ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ àti ohun tó ṣèlérí. Àwọn kan máa ń rò pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò.

Ohun tó tún máa ń bà mí nínú jẹ́ ni kí wọ́n ka àdánù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ padà sórí ilé 100 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Onílé béèrè 20 fún àtúnṣe, ó tún béèrè 12 fún àdínkù iye. Bí wọ́n bá fún un ní 20 tó sì fi tún ilé ṣe, ilé ti padà di 100. Níbo ni 12 wá ti jáde? Mo ti ka ìwé tí wọ́n ti to méjèèjì pọ̀ láìfura, tí lọ́yà agbaṣẹ́ṣe sì fi ìbéèrè méjì péré tú u ká. Ibì kan ṣoṣo ni nǹkan lè ṣẹ́ kù: bí ilé bá ti ní orúkọ burúkú. Ilé tí ilẹ̀ ti rì lábẹ́ rẹ̀ rí, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó, olùrà lè máa fura sí i. Bó bá jẹ́ pé 96 ni wọ́n á san lẹ́yìn àtúnṣe, 4 yẹn jẹ́ àdánù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ní láti mú ẹ̀rí wá: ilé mìíràn tí ó ní irú ìtàn yẹn, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì tà, àti iye tí wọ́n tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò ní ìtàn. Bí n kò bá rí irú rẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ pé n kò rí i. Kí adíyelé jókòó kó ní "ó dá mi lójú pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún máa lọ", ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, àbá ni.

Ọjọ́ tí a ń díye lé náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹjọ́ ilé kíkọ́ máa ń pẹ́, ọjà kò sì ní dúró de adájọ́. Lọ́yà agbaṣẹ́ṣe kan bi mí nínú àpótí ẹlẹ́rìí pé:

"Ṣé òótọ́ ni pé owó tí wọ́n lè ta ilé yìí lónìí ju gbogbo owó tí onílé ná sí i lọ?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Kí ló wá pàdánù?"

Ìbéèrè tó dùn létí ni. Mo yíjú sí adájọ́, mo ní, "Olúwa mi, ilé tí kò lábùkù tó wà ládùúgbò kan náà, òun náà gbówó lórí sí i. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà ni mo kọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í fi iye ti àná wé iye ti òní, ká wá pe ìyàtọ̀ rẹ̀ ní èrè tàbí àdánù. Ilé méjì, ọjọ́ kan: èyí tó yẹ kó wà àti èyí tó wà. Ọjọ́ wo gan-an ni, òfin ló máa sọ, lọ́yà ló sì yẹ kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi gbé iṣẹ́ fún mi. Nínú ẹjọ́ Dodd Properties àti ìgbìmọ̀ ìlú Canterbury ní England, 1968 ni ìpalára bá ilé náà, wọ́n sì jiyàn lórí bóyá owó àtúnṣe ti 1970 ni wọ́n máa lò tàbí ti 1978 tí ẹjọ́ dé iwájú adájọ́. Ti 1978, tó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ, ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà, nítorí ìdí tí onílé fi dúró bọ́gbọ́n mu. Bí mi ò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́, mo máa ń ṣe ọjọ́ méjì, mo sì ń fi orúkọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí iye tirẹ̀.

Ti ilé tí a fi ń wé ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Adíyelé apá kejì to ilé mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé tí wọ́n tà. Mo lọ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pátákó "títà" ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kan, eruku ti bo nọ́ńbà fóònù tó wà lára rẹ̀. Iye tí olùtà ń fẹ́ ló kọ, kò tíì sẹ́ni tó san án. Mo béèrè ìkejì lọ́wọ́ aládùúgbò, ó rẹ́rìn-ín: ẹ̀gbọ́n ló tà á fún àbúrò. Ìkẹta, báńkì ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jẹ gbèsè, wọ́n sì tà á kíákíá. Ìkẹrin nìkan ló dúró. Iye tí à ń pè ní iye ọjà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìlànà ìdíyelé àgbáyé ṣe là á sílẹ̀, ni èyí tí olùrà tó fẹ́ rà àti olùtà tó fẹ́ tà á fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tí ohun kan kò so wọ́n pọ̀, tí wọ́n ti fi ohun náà síta fún àkókò tó tó, tí olúkúlùkù wọn mọ ohun tó ń ṣe, tí wọn ò sì fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn yẹ ilé mẹ́ta yẹn wò. Mo ya fọ́tò pátákó náà, ọjọ́ wà lára fọ́tò, mo sì fi í sínú ìwé mi láìsọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí ẹnìkejì mi. Kò pọn dandan. Fọ́tò náà sọ tirẹ̀.

Ibi tí mo ti rí i tí àwọn adíyelé tó gbọ́n gan-an ń fẹsẹ̀ kọ ni ẹnu ààlà iṣẹ́ wọn. Wọ́n á rí ẹ̀là lára ògiri, wọ́n á ní "ìpìlẹ̀ ń rì". Ta ló ní kí wọ́n sọ ọ́? Ẹnjiníà ló máa sọ bóyá ìpìlẹ̀ ń rì tàbí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri lásán ló là. Bẹ́ẹ̀ ìdíyelé mi dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnjiníà yẹn pátápátá, àwọn ẹnjiníà méjèèjì kì í sì í sábà fohùn ṣọ̀kan. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni kí n kọ iye méjì tàbí mẹ́ta: bí adájọ́ bá gba ohun tí ẹnjiníà onílé sọ, iye rèé, bó bá gba ti agbaṣẹ́ṣe, iye rèé, bó bá gba apá kan nínú ti àwọn méjèèjì, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe é rèé. Àwọn lọ́yà kì í fẹ́ràn rẹ̀. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́, kó sì tóbi. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ kò bá gba ẹnjiníà yín gbọ́, iye kan ṣoṣo yẹn ti kú, adíyelé yín á sì dúró síbẹ̀ láìní ohun tó máa fún adájọ́. Èmi rí i pé adájọ́ máa ń padà sí ìwé tó bá fún un ní ohun tó lè lò bó ti wù kí ìdájọ́ tirẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà yìí tó mi í sọ díẹ̀ sí i. Lọ́yà kan, ọmọlúàbí èèyàn, ẹni tí a jọ ti ṣiṣẹ́ rí, pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la ká fi ìwé sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìpínrọ̀ kẹsàn-án yẹn, ṣé ẹ ò lè yọ ọ́?" Ìpínrọ̀ kẹsàn-án ni ibi tí mo ti sọ pé wọ́n ti ta ilé kan ládùúgbò náà tó ní irú àléébù yẹn ní iye tó dára. Mo ní, "Àbúrò, bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á bi mí bóyá mo mọ̀ nípa ilé náà, mo sì máa sọ pé mo mọ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Òfin wà lórí èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere nìkan. Nínú ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó jóná, The Ikarian Reefer, ní 1993, Adájọ́ Cresswell to ojúṣe ẹlẹ́rìí onímọ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kí ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kí ohun tí ẹjọ́ ń fẹ́ má ṣe dárí rẹ̀, kó má ṣe di lọ́yà, kó sọ òtítọ́ àti ìrò tí èrò rẹ̀ dúró lé, kó má sì fi èyí tó lè tako èrò rẹ̀ pamọ́, kó sọ ọ́ nígbà tí ìbéèrè bá bọ́ síta ìmọ̀ rẹ̀, bí ó bá yí èrò padà, kó jẹ́ kí apá kejì mọ̀. Ní England àti Wales, òfin ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 sọ ọ́ ní Part 35 pé ojúṣe onímọ̀ sí ilé ẹjọ́ ga ju èyíkéyìí tó jẹ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un tàbí ẹni tó ń sanwó rẹ̀ lọ. Láti 2011, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá ẹjọ́ Jones v. Kaney, ẹni tó gba onímọ̀ síṣẹ́ lè pe onímọ̀ náà lẹ́jọ́ bó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àjọkọ tí àwọn onímọ̀ méjì fọwọ́ sí ló dá ẹjọ́ yẹn sílẹ̀.

Ìwé àjọkọ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Wọ́n máa ń ní kí àwa onímọ̀ méjèèjì pàdé láìsí lọ́yà, ká kọ ohun tí a gbà àti ohun tí a ò gbà sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí. Nígbà kan, iye tèmi àti ti ẹnìkejì mi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn lọ́yà fi ń wò wá bíi pé ọ̀kan nínú wa ń purọ́. A jókòó, a tẹ́ àwòrán ilé sórí tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n. Òun wọn ilé láti ìta ògiri, èmi wọ̀n ọ́n láti inú. Ògiri ilé náà nípọn, wọ́n tún ní bárándà tí òun kà mọ́ ilé tí èmi kò kà. Mítà onígun mẹ́rin tí òun ní àti èyí tí mo ní kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ a ti mú un ṣe ìlọ́po owó kan náà. A fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan. Ó lé ní ìdajì nínú ìjà wa tó parí níbẹ̀, kí tíì tó tutù. Ìyókù dá lórí bí olùrà ṣe máa wo òrùlé tó ń jò, èyí tí ọlọ́gbọ́n méjì lè máà gbà bákan náà, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí kò sí adíyelé méjì tó máa mú iye kan náà gẹ́lẹ́ jáde. Àwọn adájọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní England, nínú ẹjọ́ K/S Lincoln v. CB Richard Ellis ní 2010, nígbà tí wọ́n ń wo bóyá adíyelé kan ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ààlà tí wọ́n lò ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè-sódò fún ilé gbígbé tó wọ́pọ̀, ìdá 10 fún ohun-ìní tí irú rẹ̀ ò pọ̀, àti ìdá 15 níbi tí ohun-ìní náà bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Ẹ wá fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n ti ń jà lórí àdínkù iye tí kò ju ìdá 3 lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá pè mí nígbà tí àdínkù tí mo bá rí bá kéré sí ààlà àṣìṣe tèmi fúnra mi. Àwọn kan ti jáwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ, mo sì pàdánù iṣẹ́. Kò burú. Mi ò kì í gba owó iṣẹ́ tó dúró lórí ẹni tó bá jàre ẹjọ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń fà mí láti rọ̀ wọ́n.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni kí wọ́n pè mí nígbà tí ilé ti di tuntun. Onílé ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó kun ọ̀dà, ó sì wá fẹ́ kí n sọ iye tí ilé náà jẹ́ nígbà tó là. Kí ni mo fẹ́ wò? Mo mọ̀ pé òjò kì í dúró de ẹjọ́, pé èèyàn ò lè fi ọmọ rẹ̀ sábẹ́ àjà tó fẹ́ já. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe kó wá wò ó pẹ̀lú onímọ̀ tirẹ̀, kí ẹ fún un ní ọjọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà àti adíyelé tiyín náà rí i. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀là kọ̀ọ̀kan láti ọ̀ọ́kán kí wọ́n lè mọ ibi tó wà, lẹ́yìn náà ẹ ya á nítòsí pẹ̀lú tépù ìwọ̀n lára ògiri. Bí ẹ bá gé páìpù tàbí irin jáde, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó ti wá sí i lára, ẹ dì í sínú báàgì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àtúnṣe lọ́tọ̀ sí ti ìṣelọ́ṣọ̀ọ́ tuntun tí ẹ fi kún un, nítorí bí ẹ bá fi táìlì olówó ńlá rọ́pò èyí tí àdéhùn sọ, ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe kọ́ ni owó àlékún yẹn ti máa jáde.